Ìdọ̀bálẹ̀ tí Nání Kò Rí

"A kì í fi ẹnu ẹlẹ́nu kí àna ẹni." Bí ẹ bá ti bá àwọn àgbà agbolé wa ní Ìkìrun jókòó pẹ́ díẹ̀ rí, ẹ ó ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu wọn. Wọn kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó pa á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá?

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín máa sọ. Ẹ ó ní òwe àtijọ́ ni, pé ẹni tó kọ́kọ́ pa á ti di ará ọ̀run tipẹ́. Rárá o. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á ṣì wà láyé, ó ṣì ń jẹ iyán, ó sì ṣì ń lé àwọn ọmọdé kúrò lẹ́bàá fèrèsé rẹ̀ nítorí ariwo. Àwọn kan gbà pé àwọn bàbá wa ti pa gbogbo òwe tán, pé kò ku ohun tí a ó ṣe ju kí a máa tún wọn pa lọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ojú bá ṣì ń ti èèyàn, tí àgbàlagbà sì ń ṣe àṣìṣe, òwe tuntun á máa bọ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti bí i, nínú yàrá ìyá arúgbó kan tí kò ríran.

Ọláníhún ni orúkọ ọmọ wa tí ọ̀rọ̀ kàn. Ó ga, ó dúdú, ó sì máa ń tijú ju bó ti yẹ kí ọkùnrin tó ga tó bẹ́ẹ̀ máa tijú lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe oògùn ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ló ti pàdé Nándínì, ọmọbìnrin ará Íńdíà kan tó ń yẹ oògùn wò kí wọ́n tó dì í sínú páálí. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà tó wọn láti fi ṣe àwàdà, ó tó wọn láti fi jà, ó sì tó wọn láti fi parí ìjà. Nígbà tó yá, ó tó wọn láti fi ṣe àdéhùn pé àwọn máa fẹ́ra.

Ohun kan ni kò tó fún. Nándínì kò ní bàbá, kò ní ìyá. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló tọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dàgbà ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Kánpúrù. Nání ni wọ́n máa ń pe ìyá ìyá ẹni lédè Híńdì, nítorí náà Nání ni ọmọbìnrin yìí ń pè é, àwa náà ó sì máa pè é bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, Nándínì á pe Nání lórí fóònù. Ọláníhún á jókòó tì í, á máa wò ó. Obìnrin tó jẹ́ pé ẹ̀rín músẹ́ ló máa ń rín bó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, bó bá ti bọ́ sórí Híńdì, á máa fọwọ́ lu itan, á máa rín ẹ̀rín àrínlulẹ̀, á tún yí padà lójijì, á máa ráhùn bí ọmọdé tí wọ́n já ẹran gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n sọ tó pa ọ́ lẹ́rìn-ín tó báyìí?" Ọláníhún bi í lọ́jọ́ kan.

Nándínì ronú títí, ó sì mi orí. "Bí mo bá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò ní dùn mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ọláníhún lára. Ó rí i pé apá kan obìnrin náà ni òun mọ̀, pé apá kejì ń gbé inú èdè tí òun kò gbọ́. Báwo ni èèyàn ṣe ń fẹ́ apá kan ìyàwó? Ọjọ́ náà ló pinnu pé òun máa kọ́ Híńdì. Kì í ṣe ti inú ìwé ló ń wá. Èyí tí wọ́n ń sọ nínú ilé ló fẹ́, èyí tí wọ́n fi ń pe ọmọ wá jẹun, tí wọ́n fi ń bá ọlọ́jà ná ọjà, tí ìyá àgbà fi ń ráhùn pé ẹsẹ̀ ń dun òun.

Ó bẹ Nándínì kó máa gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún òun sórí fóònù. Bó bá ń wẹ̀, á máa gbọ́ ọ. Bó bá wà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń tú u palẹ̀, á máa tún un sọ wúyẹ́wúyẹ́, títí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ń bi ara wọn bóyá ẹ̀rọ náà ni Ọláníhún ń gbé ṣépè. Ohun tó kọ́kọ́ múnú rẹ̀ dùn jù ni pé èdè náà mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Ẹ wo Gẹ̀ẹ́sì: bí wọ́n ṣe ń pe ọba náà ni wọ́n ń pe ajá. Ṣùgbọ́n Híńdì ní "ìwọ," ó sì ní "ẹ̀yin," ẹni tó bá sì fi "ìwọ" pe ìyá àgbà, kò lẹ́kọ̀ọ́. Ọláníhún ní ọjọ́ tí òun mọ èyí, ó dà bí ẹni pé òun pàdé ará ilé lójú ọ̀nà oko.

Etí rẹ̀ gbọ́ èdè náà kíákíá. Ẹnu ni kò bá etí lọ. Nándínì á na fóònù sí i pé, "Ó yá, kí Nání." Ọláníhún á yára bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú fóònù, á máa juwọ́, á máa fà sẹ́yìn, á ní, "Rárá o, bá mi kí wọn. Bá mi kí wọn dáadáa." Ṣé ẹ mọ̀ pé bí tiwa ṣe rí nìyẹn. Bá mi kí bàbá, bá mi kí ìyàwó, bá mi kí àwọn ọmọ. Kò sí ẹni tí a kò lè di ìkíni wa lé lórí kó bá wa gbé e lọ, a kì í sì í rò ó pé ibì kan wà láyé tí wọ́n á ti máa bèèrè pé olúwa rẹ̀ gan-an dà. Ẹ̀rù tún ń ba ọmọ náà. Ó ní àna kì í ṣe ẹni tí a fi ń kọ́ṣẹ́. Bí òun bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ, wọ́n á ní òun kò bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Lọ́dọ̀ Nání, ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ jẹ́ àwàdà. Nígbà tó pẹ́, kò jẹ́ àwàdà mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bi ọmọ-ọmọ rẹ̀ léèrè pé, "Ṣé odi ni ọkùnrin yìí ni? Bí kì í bá ṣe odi, ṣé agbéraga ni? Bí kì í bá ṣe agbéraga, Nándínì, ṣé ó tilẹ̀ wà?" Nándínì rẹ́rìn-ín, kò sì túmọ̀ rẹ̀ fún Ọláníhún. Kò mọ̀ pé etí ọkùnrin náà ti dé ibi tó fi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú tì í tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, síbẹ̀ kò la ẹnu.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wá dójú ẹ̀, Nándínì sọ òótọ́ fún un. Ó ní, "Nání ní kí ìwọ àti àwọn ẹbí rẹ wá kí òun mọ̀ yín. Mo fẹ́ràn rẹ, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló pọ̀n mí nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ pọ̀n mí. Bó bá ní òun kò fẹ́, mi ò ní pa á lẹ́kún lọ́jọ́ ogbó rẹ̀." Ọláníhún mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí Nání bá kọ̀, ó parí nìyẹn.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sílé, àwọn ẹbí sì ní Bàbá Oyèdìran ni yóò bá a lọ. Bàbá Oyèdìran ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, òun sì ni agbẹnusọ agbolé wa. Ìyàwó tí ọkùnrin yìí ti bá wa tọrọ kò lóǹkà, kò sì sí ẹbí kan tó já a kulẹ̀ rí. Bó bá dìde láàárín àwọn àna, tó fa agbádá rẹ̀ lé èjìká, àwọn tó ní àwọn kò ní fi ọmọ fọ́kọ á bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí pé ó dáa. Òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Nínú ọkọ̀ òfuurufú ló ti ń kọ́ Ọláníhún ní ohun tó máa ṣe. "Bí a bá ti wọlé, dọ̀bálẹ̀. Kí àyà rẹ kan ilẹ̀. O ò gbọdọ̀ dìde títí wọ́n á fi ní kó o dìde. O ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ọkọ ìyàwó tó bá ń dá sọ̀rọ̀ níwájú àna, ńṣe ni wọ́n á ní kò lẹ́bí."

"Bàbá, ojú ìyá náà ti fọ́ pátápátá. Wọn ò ní rí mi nílẹ̀."

"Àwọn tó ríran á sọ fún wọn. Ṣé torí pé ojú àna fọ́ ni ká ṣe wá fi àṣà sílẹ̀?"

"Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn lédè wọn, Bàbá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọ."

"O ṣeun. Fi sínú. Ọ̀rọ̀ tó bá já bọ́ lẹ́nu ọkọ ìyàwó, ẹbí kì í rí i ṣà mọ́. Ẹnu mi ni ẹnu rẹ."

Bàbá kò dúró síbẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ sí Nándínì pé kó má yọjú síta títí wọ́n á fi pè é, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Ọmọbìnrin náà fẹ́ ṣe ohun tí ẹbí ọkọ fẹ́, ló bá gbà. Ẹ rí i pé ẹni kan ṣoṣo tí ì bá ti tún nǹkan ṣe, inú ilé ìdáná ni àṣà wa tì í mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n Nándínì, Rájàn, wá mú wọn láti ilé àlejò. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Rájàn, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, òun ni wọ́n sì fi ṣe ògbufọ̀. Wọ́n gba àárín àwọn ilé tó fún mọ́ra kọjá, wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọlé. Nání jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì onígi kan tí kò ga, ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ara, ó ró aṣọ funfun. Wọ́n ti gbé tíì tí wọ́n fi mílíìkì àti atalẹ̀ sè kalẹ̀ fún àlejò. Òórùn oúnjẹ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn.

Ọláníhún nà gbalaja. Kò ṣe ìdọ̀bálẹ̀ àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó jẹ́ pé ìka ọwọ́ nìkan ló ń kan ilẹ̀. Àyà rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì, iwájú orí rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Nílé wa, wọn ì bá ti ní, "Dìde, ọmọ mi, wàá jèrè." Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ níhìn-ín? Rájàn rò pé ó ṣubú ni. Ó sáré fẹ́ gbé e dìde, Bàbá Oyèdìran sì fọwọ́ dá a dúró.

"Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àlejò méjì," Nání wí. "Ẹnì kejì dà?"

"Ó wà níbí, Nání," Rájàn dáhùn. "Ó ń kí yín."

"Kí ló fi ń kí mi? Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Rájàn wo ilẹ̀, ó wo Bàbá. "Ó dùbúlẹ̀ ni, Nání."

"Yéè! Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni?"

Kí Rájàn tó dáhùn, Bàbá Oyèdìran ti dìde, ó ti fa agbádá lé èjìká. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì kí ilé, ó kí ọ̀nà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Elédùmarè tó fi òkun sí àárín, tó tún fi ọkọ̀ òfuurufú sórí òkun. Rájàn ń túmọ̀ rẹ̀ bó ti lè ṣe é, ìyẹn ni pé bí Bàbá bá sọ̀rọ̀ tó kún agbọ̀n, Rájàn á bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún Nání. Nígbà tí Bàbá dé ibi tó máa ń dé, tó ní àwọn rí òdòdó kan tó tanná nínú ọgbà wọn, pé àwọn wá tọrọ rẹ̀, Nání yí ojú sí Rájàn.

"Òdòdó wo? Igi gúáfà kan ló wà lẹ́yìnkùlé wa. Ṣé gúáfà ni wọ́n wá gbà?"

Rájàn kò túmọ̀ ìyẹn padà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Bàbá, Bàbá sì rò pé ọ̀rọ̀ òun ti wọlé. Ó ń bá a lọ. Ó pa òwe, ó fi òwe mìíràn tì í. Mo sọ ọ́ fún yín, bó bá jẹ́ Ìkìrun ni, wọn ì bá ti gbé ìyàwó jáde. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó náà ti gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí àwọn afọ́jú ti máa ń ṣe bí wọ́n bá ń wá nǹkan tí wọn kò tíì gbọ́. Ó ń retí ohùn kejì. Ó retí rẹ̀ títí Bàbá fi parí ọ̀rọ̀, tó sì jókòó.

Nání wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò bínú rárá. "Rájàn, fún wọn lóúnjẹ, kí wọ́n jẹ yó, kí wọ́n sì máa lọ ní àlàáfíà. Àgbàlagbà yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló fẹ́ fẹ́ ọmọ mi. Ẹni tó fẹ́ ẹ, láti ìgbà yìí wá ni mo ti ń retí ohùn rẹ̀. Ó wá dé ẹsẹ̀ mi, kò sì rí ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi. Bí ọmọ mi bá wà nílé rẹ̀ tí nǹkan ṣe é, ta ni yóò sọ fún mi? Ohùn nìkan ni mo fi ń mọ èèyàn. Mi ò lè fa ọmọ mi lé ẹni tí mi ò mọ̀ lọ́wọ́."

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Rájàn, mo ti sọ fún yín. Ó kọjú sí Bàbá, ó ní, "Nání ní oúnjẹ ti délẹ̀."

"Ẹ ṣeun o!" Bàbá pariwo, ó fọwọ́ nu ojú. "Ẹni tó fún ni lóúnjẹ ti gbà wá nìyẹn!"

Ọláníhún wà nílẹ̀, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ ohun tí Nání sọ, ó gbọ́ ohun tí Rájàn sọ, ó gbọ́ bí Bàbá ti ń yọ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé èèyàn lè máa làágùn lórí sìmẹ́ńtì tó tutù tó bẹ́ẹ̀. Bí òun bá sọ̀rọ̀, òun ti dójú ti Bàbá níwájú àlejò, kò sì sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú agbolé wa. Bí òun kò bá sọ̀rọ̀, wọ́n á jẹun, wọ́n á fọwọ́, òun á sì pàdánù Nándínì. Ó la ẹnu.

"Nání. Èmi nìyí. Èmi ni Ọláníhún. Mo kí yín o, Nání. Mo wà nílẹ̀."

Mo fi èdè wa sọ ọ́ fún yín kó lè já gaara. Híńdì tó sọ gan-an, ó ní ńṣe ló ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n bí ọkọ̀ tó ń gba orí òkúta. Ṣùgbọ́n Nání gbọ́ ọ. Ariwo ìkòkò dákẹ́ nílé ìdáná.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni. Nílé wa, bí a bá fẹ́ kí àgbà, ilẹ̀ la máa ń dùbúlẹ̀ sí. A kì í dìde títí wọ́n á fi ní ká dìde. Ẹ kò tíì ní kí n dìde."

"Ọláníhún!" Bàbá fi Yorùbá pariwo mọ́ ọn. "Kí ni mo sọ fún ọ? Pa ẹnu rẹ mọ́!"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Wọ́n ti kọ̀ wá."

"Kọ̀ wá kẹ̀? Ṣé wọn ò ní oúnjẹ ti délẹ̀ ni?"

"Oúnjẹ ìdágbére ni, Bàbá."

Bàbá Oyèdìran jókòó padà. Agbádá bọ́ kúrò léjìká rẹ̀, kò sì fà á.

Nání ti sún wá sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó ń wá a kiri nínú afẹ́fẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan irun Ọláníhún. Ó fọwọ́ pa orí rẹ̀, ó pa ọrùn rẹ̀, ó fọwọ́ tọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ bí ẹni ń wọn aṣọ, ó tẹ̀ síwájú tó bẹ́ẹ̀ tí Rájàn fi dì í mú kó má bàa ṣubú. Ọkùnrin náà kò tán. Ẹnu ya ìyá náà.

"Gbogbo ara rẹ̀ ló nà sílẹ̀! Níbo ló parí sí?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀kùn, Nání."

Nání rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan náà tí Ọláníhún ti máa ń gbọ́ lẹ́nu Nándínì. Ṣùgbọ́n kò tíì gbà. Ó gbé ọwọ́ padà sórí ọmọ náà, ó fi í síbẹ̀. "Kí ló dé tí o kò fi bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà yìí?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Híńdì mi kò dára."

"Kò dára lóòótọ́. Bí ibà bá ṣe ọmọ mi nílé rẹ, kí lo máa sọ fún mi?"

"Màá ní: Nání, ara Nándínì gbóná. Ó jẹun díẹ̀. Ó ń bèèrè yín."

"Bó bá jẹ́ ìwọ lo pa á lẹ́kún ńkọ́?"

Ọláníhún kò tíì kọ́ ìyẹn. Nínú gbogbo ohun tí Nándínì gbà sílẹ̀ fún un, kò sí ọ̀rọ̀ kan fún ọkọ tó ṣe ibi. Ó wá a títí nínú ìwọ̀nba tó ní, ó sì kó èyí tó rí jọ. "Màá ní: Nání, Nándínì ń sunkún. Èmi ni."

Nání fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú. Èmi tí mo ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu Ọláníhún, tí mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu Nándínì, bí mo bá ti dé ibí yìí ni omi máa ń lé sí mi lójú. Alásọdùn pọ̀ láyé. Ẹni tó máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyá ìyàwó pé "èmi ni," irú wọn kò wọ́pọ̀.

"Dìde, ọmọ mi," Nání wí. "Ilẹ̀ yẹn tutù. Máa pè mí nírọ̀lẹ́, ìwọ fúnra rẹ, n ó máa tún Híńdì náà ṣe fún ọ." Ó wá yí ojú sí ìhà tó ti gbọ́ ohùn Bàbá. "Sọ fún àgbàlagbà yìí pé mo kí i. Ìwọ ni kí o sọ ọ́ fún un. Jẹ́ kí Rájàn sinmi."

Ọláníhún dìde, eruku wà níwájú orí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ fún agbẹnusọ agbolé wa. Kò tíì parí rẹ̀ tí Nándínì fi jáde láti ilé ìdáná láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Bàbá Oyèdìran padà dé Ìkìrun, gbogbo ilé péjọ sí iwájú yàrá rẹ̀. Bó bá ti tọrọ ìyàwó dé, ó máa ń jókòó, á máa tún gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ó sì máa pàtẹ́wọ́. A ti gbọ́ pé wọ́n gbà. A fẹ́ mọ irú ẹnu tí Bàbá fi ṣẹ́gun ilẹ̀ Íńdíà.

"Bàbá, kí lẹ sọ fún wọn?"

Bàbá mu omi. Ó gbé ife kalẹ̀. "A kì í fi ẹnu ẹlẹ́nu kí àna ẹni," ó wí.

A rẹ́rìn-ín, a rò pé ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. A dúró de ìyókù, kò sí ìyókù. Ìyá Àdùkẹ́, ìyàwó ilé tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá láìyẹ̀ ẹ́ wò, ló wá bèèrè. "Ẹnu ẹlẹ́nu kẹ̀, Bàbá? Ẹnu ta ni?"

Ọkùnrin tí a kò rí kó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí yìí gbé ojú sókè, ó wò wá.

"Ẹnu mi ni."

Bí òwe náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lónìí, àwọn àgbà máa ń pa á fún ẹni tó bá ń rán ẹlòmíràn lọ síbi tó yẹ kó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé: ọkùnrin tó ṣẹ ìyàwó rẹ̀ tó ń rán ọ̀rẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́, ọmọ tó wà lókè òkun tó ń ní kí wọ́n bá òun kí ìyá òun. Wọ́n tún máa ń pa á fún ẹni tó bá ní òun kò gbọ́ èdè àwọn tí òun fẹ́ bá tan, tí kò sì gbìyànjú láti kọ́ ọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé, bí wọ́n tilẹ̀ wọ́, ẹnu ẹni tó ni wọ́n ló yẹ kí wọ́n ti jáde. Bàbá Oyèdìran ṣì ń bá wa tọrọ ìyàwó. Ṣùgbọ́n kó tó dìde fa agbádá, ó máa ń sọ ọ́ sí ọkọ ìyàwó létí pé, "Ó yá, ìwọ kọ́kọ́ kí wọn."